Páǹpù tó ń kànkùn: àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Idu

Páǹpù mọ́ọ̀dù kan dé sí yáàdì wa ní Idu, ní Abuja, ó ń kànkùn. Tó bá ti ju ọgọ́rin ìyípo lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì nínú irin, bí ẹni tó ń fi odó lu ilẹ̀kùn láti inú ilé wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ sì ṣòfò nítorí pé ibi tí ariwo ti ń jáde ni mo tẹjú mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lórí ríìgì, ẹ̀rọ gogoro tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo.

Mọ́ọ̀dù ni omi tí a fi ń gbẹ́ kànga epo: omi lásán, amọ̀ bẹntonáìtì tó ń mú un ki, àti báráìtì tó ń mú un wúwo. Páǹpù ló ń tì í gba inú páìpù sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi tú jáde lẹ́nu bíìtì tó ń jẹ òkúta nísàlẹ̀. Ó ń mú kí bíìtì tutù, ó ń kó èérún òkúta gòkè bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni ìwúwo rẹ̀, nítorí òun ló ń tẹ gáàsì àti epo mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rọ́ lu àwọn tó wà lókè. Bí gálọ́ọ̀nù mọ́ọ̀dù kan bá wọn pọ́n-ùn 10, tí kànga sì jìn tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sọ 10 di púpọ̀ lọ́nà 8,000, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 0.052. Èsì rẹ̀ ni 4,160 psi (pọ́n-ùn lórí íńṣì kan níbùú lóòró), ìyẹn agbára tí mọ́ọ̀dù fi ń tẹ ìdí kànga. Iṣẹ́ wọ́kóófà, ìyẹn títún kànga àtijọ́ ṣe, náà kò yàtọ̀. Kànga tó ti ń mú epo wá tẹ́lẹ̀, tí páìpù inú rẹ̀ ti bàjẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ tó wúwo pa á kí a tó lè fa páìpù náà jáde. Páǹpù ló ń ti omi iyọ̀ yẹn náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fojú kékeré wo páǹpù tó ń kànkùn. Ẹ̀mí àwọn ọmọ tó wà lórí pèpéle ríìgì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni ẹni tó ń tún irin ríìgì ṣe ń wá ní Abuja tí kò sí epo. Ìbéèrè náà tọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé. Oloibiri ni wọ́n ti rí epo tó ṣe é tà ní 1956, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ sì wà láti ìgbà náà. Warri àti Port Harcourt ni èmi náà ti kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ní oṣù Kejì 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ Kolmani River 2 ní ààlà Bauchi àti Gombe. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé 13,701 ẹsẹ̀ bàtà, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, NNPC kéde pé epo àti gáàsì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ Ebenyi-A ní ìjọba ìbílẹ̀ Obi, ìpínlẹ̀ Nasarawa, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbéra ní Abuja láàárọ̀ á débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí irin iṣẹ́ bá ti ń gba ọ̀nà àríwá lọ, wọ́n ń fẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe nítòsí. Páǹpù tí mò ń sọ yìí kò ti orí àwọn kànga wọ̀nyẹn wá o. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ríìgì yáni ló ni ín, n kò ní dárúkọ wọn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ọjọ́ Ajé

Tírélà dé láago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkọ̀ ojú irin Kaduna ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè ní ibùdókọ̀ Idu. Kéréènì sọ páǹpù kalẹ̀ sórí pákó tí a ti tò. Páǹpù agbára ẹṣin 800 ni, ẹ́ńjìnnì dísù ló ń fi bẹ́líìtì yí i. Sílíńdà mẹ́ta ló ní, fáàfù méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti fa mọ́ọ̀dù wọlé, ọ̀kan láti tì í jáde. Písítìnì kọ̀ọ̀kan ń rìn íńṣì 9 nínú láínà, ọ̀pá irin oníhò inú sílíńdà, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 6. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìyípo kan ń gbé nǹkan bíi lítà 12.5. Bó bá yí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, láàárín wákàtí kan yóò ti gbé lítà 75,000, ó ju ẹ̀kún táńkà epo méjì onílítà 33,000 lọ. Kò ní páǹpù kékeré tó ń bá a ti mọ́ọ̀dù wọlé. Láti inú táńkì ni mọ́ọ̀dù ti ń gba hóòsì ńlá kan ṣàn wá fúnra rẹ̀. Hóòsì náà àti asẹ́ rẹ̀ bá páǹpù wá.

Alhaji tó ń bójú tó irin iṣẹ́ fún wọn, ọmọ Ìlọrin, tẹ̀lé tírélà wá. Ó kí wa dáadáa, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ kíá: "Ẹ̀gbọ́n, fáàfù àti síìtì ni kí ẹ bá mi pààrọ̀. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí èyí tó kù. Ọjọ́ mẹ́wàá."

Mo ní kó fún mi ní ìwé iṣẹ́ páǹpù náà. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń pààrọ̀ fáàfù. Fáàfù tó dára yẹ kó lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí. Mo sọ fún un pé bí a bá pààrọ̀ fáàfù nìkan, kò ní pẹ́ tí yóò tún gbé e padà wá. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

N kì í ṣí ohunkóhun kí n tó wọn ohun tó ń ṣe. A gbé táńkì méjì kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà méjì lóòró, mítà méjì ní ìbú. Páǹpù ń fa omi nínú ti àkọ́kọ́, ó ń tì í sínú ìkejì. Ní ọgọ́ta ìyípo, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yẹ kó gbé lítà 3,000, kí omi táńkì àkọ́kọ́ sì fi sẹ̀ǹtímítà 75 lọ sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 58 ló fi lọ sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 77 péré ló ń ṣe.

A tún mú ìyára rẹ̀ gòkè. Ó dé ọgọ́rin, kíkànkùn náà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ géèjì ń gbọ̀n débi pé ẹ ò lè ka nọ́ńbà rẹ̀. Mo pa á.

Ohun kan wà tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà tí n kò ṣe. Mo máa sọ ọ́ níwájú.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀

A ṣí apá ibi tí mọ́ọ̀dù ń gbà. Síìtì fáàfù, òrùka irin tí fáàfù ń jókòó lé, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi òòlù yọ. Ìdí rẹ̀ tín-ínrín ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ihò tó jókòó sí, kò sí bóòtù tó dè é, dídì tí irin di irin mú ló gbé e ró, préṣọ̀ sì ń tún un tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. A ki ìkọ́ tí a fi ń fà á bọ abẹ́ rẹ̀, a gbé jáàkì olómi lé e, a fi okùn so jáàkì náà mọ́lẹ̀, mo ní kí gbogbo èèyàn kúrò lọ́kàánkán. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọwọ́ jáàkì. Géèjì ń gòkè, nǹkan kan ò mì. Ó tún gòkè sí i. Lójijì ó dún gbàù bí ìbọn ọdẹ, síìtì ta sókè, okùn sì gba jáàkì mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe yọ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró tirẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ti àfàwọlé ní sílíńdà kejì, kò yọ wá lẹ́nu rárá. Ọwọ́ lásán ni mo fi mú un jáde. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Mo ki ọwọ́ bọ ihò tó jókòó sí, mo sì kan ojú ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán, ó wọ ara irin bí ibi tí àgbàrá ti wa ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Àtàǹpàkò mi wọlé dé oríkèé. Mọ́ọ̀dù tó ní iyanrìn nínú, tó ń rí àyè bí irun orí gbà kọjá lábẹ́ síìtì, ló ń fi préṣọ̀ gé irin lọ bẹ́ẹ̀ títí.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yáàdì wa, wá wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, kò sí irú irin tí kò tíì jó pọ̀. Ó ní òun lè fi iná dí i, kí Bàbá Tọ́nà tó wà ní Apo wá fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Irin tí wọ́n rọ fún préṣọ̀ ńlá, bí iná wẹ́dà bá kan án láìsí ilé iná tí wọ́n máa tún un sè sí lẹ́yìn rẹ̀, yóò le níbì kan, yóò rọ̀ níbòmíràn, ọjọ́ kan ni yóò sì là. Ó mi orí, ó ní òótọ́ ni. Mo mọyì rẹ̀ pé kò bá mi jiyàn.

Rọ́bà písítìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo tò sórí tábìlì. Ojú wọn já wẹ́wẹ́, bí búrẹ́dì tí eku ti jẹ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi báyìí: "ojú rọ́bà já wẹ́wẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó là mí lójú rèé, mo kọ ọ́ tán, mo ṣí ojú ìwé mìíràn.

Kí n tó kúrò lórí Ọjọ́bọ̀: fáàfù ìdáàbòbò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń fi há a, irin tí wọ́n ṣe láti kán bí préṣọ̀ bá ju ti páǹpù lọ, kí mọ́ọ̀dù lè rí ọ̀nà sá gbà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ìdí bíìtì kan tí wọ́n fi ń lu irin níhò, tí ẹnì kan gé, tó sì ki bọ ọ̀nà rẹ̀. Kò lè kán láéláé. Ohun tí ì bá kán ni páìpù, tàbí hóòsì, tàbí orí sílíńdà, níṣojú ọmọ ọlọ́mọ. Inú bí mi gan-an. Mo pe Alhaji lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú irin yẹn fún mi. Mo fẹ́ gbé e lọ fi hàn wọ́n." Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi sí dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì sí Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì

Níbí ni mo ti ṣìnà. Nítorí ariwo náà wúwo, tó sì dà bíi pé láti ẹ̀yìn ló ti ń wá, mo gbà lọ́kàn pé bẹ́ríǹ tàbí píìnì inú ibi tí kíráńkì wà ló ti jẹ. A ṣí ẹ̀yìn páǹpù. A fa ọ́ìlì rẹ̀ dànù. A yọ ohun tó ṣe é yọ. A wọn àyè tó wà láàárín crosshead (irin tó ń ti ọ̀pá písítìnì lọ, tó ń fà á bọ̀) àti ibi tó ń rìn lé, ó bá ohun tí ìwé páǹpù sọ mu. Bẹ́ríǹ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Eyín gíà ń dán. Ọ́ìlì tí a fà kò ní èérún irin kankan nínú, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì rò ó títí. A dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì

Orí sílíńdà tòkunbọ̀ (irin tí ihò síìtì wà nínú rẹ̀) tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Port Harcourt láti rọ́pò èyí tí mọ́ọ̀dù ti gé dé, tírélà tó gba Lọ́kọ́ja ló gbé e. Ẹni tó tà á fún wa ní kò sí àléébù lára rẹ̀. A fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, a fín omi pupa sí i lára, a fi í sílẹ̀ kó wọ ara, a nù ún kúrò, a sì fín ìyẹ̀fun funfun lé e. Gbogbo rẹ̀ funfun báláú. A dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní igun ibi tí ihò méjèèjì ti pàdé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó ń gùn sí i bí a ṣe ń wò ó. Lílà ni. Àbúrò mi ní ó lè jẹ́ ìdọ̀tí. A nù ún, a tún ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà náà yọ síbi kan náà. A dá a padà, a sì san owó tuntun. Ẹni tí kò bá ní ògùn pupa àti funfun yìí nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó má ra orí sílíńdà tòkunbọ̀.

Orí tuntun wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Fífi síìtì sí àyè rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀: a fi aṣọ tó gbẹ nu ihò rẹ̀, a nu síìtì, kò gbọdọ̀ sí gírísì, kò gbọdọ̀ sí ọ́ìlì, àní òógùn ọwọ́ pàápàá n kì í fẹ́. Gírísì á jẹ́ kó yọ̀, mọ́ọ̀dù á sì rí ọ̀nà. Bí ẹ bá jẹ́ kí síìtì jókòó fúnra rẹ̀, tí ẹ sì fà á tí kò jáde mọ́, ó ti di mú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi òòlù àti ọ̀pá lù ú mọ́lẹ̀. A fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, a fi rọ́bà písítìnì tuntun sí i, a pààrọ̀ láínà sílíńdà kejì tó ti ha.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìdánwò kejì. Ní ọgọ́ta ìyípo, omi fi sẹ̀ǹtímítà 72 lọ sílẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n mú un gòkè. Ó dé ọgọ́rin ó lé díẹ̀. Gbì, gbì, gbì.

N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Mo jókòó sórí ike epo kan. Ìyá alámàlà láti Karmo gbé oúnjẹ wá, n kò lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo ya ìyára sọ́tọ̀, mo ya préṣọ̀ sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́, mo jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ ní àádọ́ta, mo sì dí ọ̀nà àbájáde díẹ̀díẹ̀ títí préṣọ̀ fi dé 2,000 psi. Ẹrù wà lórí rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò kànkùn. Bó bá jẹ́ bẹ́ríǹ ló jẹ, ẹrù yẹn ni ì bá mú un pariwo. Lẹ́yìn náà mo ṣí ọ̀nà àbájáde gbayawu, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí préṣọ̀ kankan, mo wá mú un gòkè dé àádọ́rùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kànkùn. A wọn omi: ó yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà 112 ààbọ̀ lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 86 ló ṣe. Bó bá rọra yí, ó ń kún. Bó bá yára, kì í kún.

Ìgbà yẹn ni mo ṣí ìwé mi padà sí ibi tí mo kọ "ojú rọ́bà já wẹ́wẹ́." Písítìnì ń fà sẹ́yìn, omi kò tètè dé, àyè òfìfo wà nínú láínà. Bó bá ń padà bọ̀, ó ń já lu omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bí ẹni tó ń gbá omi odò ní àbàrá. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, rọ́bà àti fáàfù àti síìtì ló ń gba ìyà náà. Ebi ló ń pa páǹpù yìí. A ti ń tún ikùn rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ la ò wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A ṣí asẹ́. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó lè fa èyí. A fọ̀ ọ́, a gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, nǹkan ò yí padà. Táńkì kún, ẹnu fáàfù táńkì ṣí. Hóòsì wà nílẹ̀ gbọọrọ, ìta rẹ̀ dán, kò tẹ̀, kò ya, àwọn òrùka wáyà inú ara rẹ̀ le koko.

Àbúrò mi ló rí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò tíì ju oṣù mẹ́rìnlá lọ lọ́dọ̀ mi. Páǹpù ń ṣiṣẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ ti hóòsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó gbórí sókè, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ó ń mí."

Mo lọ kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, nínú hóòsì, nǹkan kan ń lù pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ìgbà tí ẹja bá ń jà nínú àpò. A pa ẹ́ńjìnnì, a tú hóòsì, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí inú rẹ̀ láti apá kan, mo wò ó láti apá kejì. Ojú inú hóòsì mọ́, àfi níbì kan tí rọ́bà inú ti ṣí kúrò lára rọ́bà ìta, tó rọ̀ wálẹ̀ bí ahọ́n màlúù. Bí páǹpù bá rọra fà, ahọ́n náà sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń kọjá. Bó bá fà kíkankíkan, ahọ́n á dìde, á dí ọ̀nà. Tí a bá sì pa páǹpù, á tún padà sùn, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí i láti ìta.

A fi ẹ̀rọ ìgérin là á. Ibi tó ṣí náà gùn ju mítà kan lọ. Òórùn dísù ń jáde láàárín rọ́bà méjèèjì. Mo pe mẹkáníìkì orí ríìgì wọn, mo bi í bí wọ́n ṣe ń fọ hóòsì yẹn. Ó ní dísù ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mọ́ọ̀dù tó ti gbẹ á sì rọ̀. Rọ́bà inú hóòsì yẹn kì í ṣe irú tó ń fara da dísù. Dísù ti jẹ ohun tó so ó mọ́ra.

Mo mú àbúrò mi dúró níwájú gbogbo ará yáàdì, mo sọ ohun tó rí fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà fún un lówó. Mo pe màmá rẹ̀ ní Ìwó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Hóòsì tuntun, èyí tí wáyà wà nínú rẹ̀ bíi ti àtijọ́, àmọ́ tí rọ́bà rẹ̀ ń fara da dísù, dé ní Ìṣẹ́gun. A gé e kúrú ju ti àtijọ́ lọ, a sì gbé táńkì sún mọ́ páǹpù. Bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń tètè dé.

Ó ku dáńpà, àpótí irin roboto tó wà lórí ọ̀nà àbájáde. Àpò rọ́bà wà nínú rẹ̀, gáàsì wà nínú àpò náà, òun ló ń gba ìkọlù písítìnì mẹ́ta náà sára kí mọ́ọ̀dù lè máa jáde ní ọ̀wọ́ kan. Géèjì rẹ̀ wà lórí òdo nígbà tó dé. Ìwé páǹpù ní kí gáàsì inú rẹ̀ má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta préṣọ̀ iṣẹ́ lọ, kó má sì ju 650 psi lọ rárá. Nítírójìn ni gáàsì náà. Ẹni tó ń tà á fún wa ní tirẹ̀ ti tán, ó di ọjọ́ kejì. Awakọ̀ wa, tó rí i pé ara ń kán mi, lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ó sì ń yí sílíńdà ọ́síjìn kan bọ̀, inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ.

Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn ará yáàdì kejì sáré wá. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un. Ọ́síjìn tí wọ́n fún pọ̀, bó bá kan ọ́ìlì tàbí gírísì díẹ̀ péré nínú irin tó há, kò nílò ìṣáná. Dáńpà yẹn yóò di bọ́ǹbù. Mo ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára báyìí, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Gẹ̀ẹ́sì: nítírójìn nìkan.

Nítírójìn dé ní Ọjọ́bọ̀. A fi 500 psi sí i. Irin tó ń kán gan-an la fi há fáàfù ìdáàbòbò.

Ọjọ́ Ẹtì, ìdánwò ìkẹyìn. Ọgọ́ta ìyípo: sẹ̀ǹtímítà 72. Àádọ́rùn-ún: 108, ìyẹn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú. Mo ní kí wọ́n mú un dé ọgọ́fà. Ìró ẹ́ńjìnnì nìkan la ń gbọ́, àti ti omi. Ọwọ́ géèjì dúró sí 2,000 bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn. A fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, mò ń yí i ká, mò ń fi etí sí i lára. Àbúrò mi kò kúrò nídìí hóòsì.

Alhaji wá gbé e ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Mo fún un ní irin inú ọ̀rá náà, ó gbé e sí àpò. Mo sì gé hóòsì àtijọ́ ní ìwọ̀n apá kan fún un, ibi tí ahọ́n náà wà, kó lè fi hàn wọ́n bákan náà. Ó san gbogbo owó wa, títí kan ti ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ṣí ẹ̀yìn páǹpù. Mo ní kó yọ ìyẹn kúrò, ó kọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó débẹ̀, mẹkáníìkì wọn pè mí lálẹ́. Ó ní páǹpù ń ṣiṣẹ́ ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún ìyípo, wọn ò tíì ṣí fáàfù kankan. Mo bi í nípa páǹpù kejì tó wà lórí ríìgì náà, èyí tí kò tíì kànkùn, ṣé hóòsì rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi dísù fọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bí wọ́n bá ti dá iṣẹ́ dúró láti pààrọ̀ bíìtì, kó tú u, kó tan iná sí inú rẹ̀.

Láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi. Inú hóòsì, dúdú, iná tóòṣì ń tàn nínú rẹ̀, rọ́bà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní apá òkè, kò tíì gùn ju ìka méjì lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, hóòsì tuntun ti wọ mọ́tò.